Quinoa: ìgbà wo ló yẹ ká gbìn ín, báwo ló sì ṣe yẹ kó jìnnà síra?

Adékúnlé_Kent

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ilé àti ti ẹ̀yìn odi. Káńsù ti fún mi ní pulọ́ọ̀tì kan níbí ní Kent, mo sì fẹ́ fi apá kan ibẹ̀ gbin quinoa, hóró kékeré tí wọ́n ń sè jẹ bí ìrẹsì, lọ́dún yìí. Ìyàwó mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ìrẹsì lọ, owó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò sì rọrùn. Irúgbìn tí mo rà, Titicaca ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn kò bára mu. Ẹnìkan ní kí n gbìn ín ní oṣù kẹta, ẹlòmíràn ní kí n dúró di oṣù karùn-ún. Ẹnìkan ní kí n kàn fọ́n ọn bí ẹni fọ́n tẹ̀tẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n fi ààbọ̀ mítà sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hóró rẹ̀ ni mo fẹ́ jẹ o, kì í ṣe ewé. Ilẹ̀ ibẹ̀ ní amọ̀ nínú díẹ̀, omi kì í sì í tètè fà níbẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Ẹni tó bá ti gbìn ín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́_Leeds

Àbúrò mi, ẹ kú ìnáwó ilẹ̀ tuntun. Oṣù kẹta ti yá jù. Kì í ṣe pé òtútù á pa á, ọmọ quinoa lágbára díẹ̀ sí òtútù. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé inú ilẹ̀ tútù ni irúgbìn á máa sùn, koríko tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa á sì ti yọ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí tiyín bá máa fi yọrí, igbó ti kún. Ẹ dúró títí ilẹ̀ á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, dígírì 8 sí 10 nínú ilẹ̀, ní àárọ̀ o, kì í ṣe ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn ti ràn sí i. Ní Kent, àárín oṣù kẹrin ló máa ń bọ́ sí. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ó máa ń di ìparí oṣù kẹrin tàbí kí oṣù karùn-ún wọlé. Tí ilẹ̀ bá ti lọ́ dé ibẹ̀ tí ọ̀rinrin sì wà níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó ti rí i tó ń yọjú.

Ẹ má rì í jìn. Sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì ti tó. Hóró kékeré ni, kò ní agbára tó máa fi gbé amọ̀ lérí.

Fífọ́n tí ẹnìkan sọ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Koríko kan wà ní gbogbo pulọ́ọ̀tì ilẹ̀ yìí tí wọ́n ń pè ní fat hen. Ẹbí kan náà ni òun àti quinoa. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá ní ewé mẹ́rin mẹ́rin, ẹ lè fi ojú sí i títí kí ẹ má mọ èwo ni èwo, torí méjèèjì ló ní ìyẹ̀fun funfun yẹn lórí ewé tuntun. Tí ẹ bá gbìn ín ní ìlà, ohun gbogbo tó bá yọ sáàárín ìlà, èpò ni, ẹ kàn fi ọkọ́ gé e. Tí ẹ bá fọ́n ọn, orí ìkúnlẹ̀ lẹ máa wà títí oṣù keje.

Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń ṣe: ẹ tú ilẹ̀ náà sílẹ̀ ní ìparí oṣù kẹta, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ gbìn, ẹ wá fi sílẹ̀. Koríko á yọ. Ẹ fi ọkọ́ họ ọ́ kúrò ní ojú òkè láìtún tú inú ilẹ̀ sókè mọ́, kí ẹ tó wá gbin tiyín. Ìyẹn á gba yín lọ́wọ́ ìlàjì iṣẹ́ ríro.

Ọmọ_Ṣakí

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, àǹtí. Ẹ̀gbọ́n Adékúnlé, èmi ò tíì gbin quinoa rí, ṣùgbọ́n àgbàdo ni mo ń gbìn, mo sì mọ ohun tí àlàfo ń ṣe. Àgbàdo tó bá há mọ́ra kì í yọmọ dáadáa. 75 sí 25 sẹ̀ǹtímítà ni wọ́n kọ́ wa, ẹyọ kan nínú ihò, tàbí 75 sí 50 pẹ̀lú méjì nínú ihò. Tèmi ni pé kí ẹ fún un láyè. Ààbọ̀ mítà tí wọ́n sọ yẹn dára, ṣírí rẹ̀ á tóbi.

Túńdé_Lincolnshire

Ọmọ Ṣakí, òótọ́ lẹ sọ lórí àgbàdo, ṣùgbọ́n quinoa kì í ṣe bí àgbàdo, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ àlàfo wà. Pòpórò àgbàdo kan kì í yọ ẹ̀ka. Tí ẹ bá fún un láyè jù, àyè náà á ṣòfò. Quinoa ní tiẹ̀, tó bá ti rí àyè, á ya ẹ̀ka láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á sì gbé ṣírí tirẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí ìkórè orí ilẹ̀ kan náà kì í fi yàtọ̀ púpọ̀, yálà ẹ gbìn ín súnmọ́ra tàbí ẹ gbìn ín jìnnà síra. Ó ń fi ara rẹ̀ dí àyè tó bá rí. Ẹni tó bá wo ìwọ̀n kílò nìkan lè rò pé àlàfo ò já mọ́ nǹkan kan.

Ibi tó ti já mọ́ nǹkan ni gbígbó. Lórí èyí tó jìnnà síra, ṣírí àárín á ti gbẹ, hóró rẹ̀ á ti fẹ́ máa já sílẹ̀, nígbà tí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Èwo lẹ fẹ́ kórè? Tí ẹ bá dúró de ti ẹ̀gbẹ́, ti àárín á bọ́ sílẹ̀ tàbí kí òjò bá a. Tí ẹ bá kórè ti àárín, ẹ ó kó hóró tútù mọ́ ọn, yóò sì bu nínú àpò. Ti inú èyí tó súnmọ́ra, pòpórò kan, ṣírí kan, gbogbo wọn á gbó pọ̀ ní ìgbà kan. Pòpórò wọn á tẹ́ẹ́rẹ́, wọn ò ní ga tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìkórè á rọrùn.

Nínú oko ńlá tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, àwọn kan ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin ọkà àlìkámà gbìn ín, sẹ̀ǹtímítà 12 àtààbọ̀ sáàárín ìlà. Àwọn mìíràn ń fi 50 sáàárín ìlà kí ẹ̀rọ tó ń roko lè gba àárín rẹ̀ kọjá, nítorí kò sí oògùn apakoríko tí ẹ lè fọ́n tó máa pa fat hen tí kò ní pa quinoa pẹ̀lú rẹ̀. Lọ́nà méjèèjì, ohun tí wọ́n ń wá ni kí ó lé ní 100 lórí mítà onígun mẹ́rin kan.

Ẹ̀yin ò ní ẹ̀rọ, ọwọ́ lẹ máa fi kórè, ẹ lè padà lọ ká a lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ẹ ò nílò kó há tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí àárín ìlà jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà, tàbí kó fẹ̀ tó ọkọ́ yín pẹ̀lú díẹ̀ lórí. Nínú ìlà, ẹ gbìn ín kó nípọn díẹ̀, tó bá ti ga tó ìka ọwọ́, ẹ fa èyí tó pọ̀ jù tu kí ó ku ẹyọ kan ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10. Ẹ ó ní bíi 25 lórí mítà onígun mẹ́rin. Ìyẹn á ya ẹ̀ka díẹ̀, kò ní ya púpọ̀.

Ẹ má ra irúgbìn jaburata o. Gíráàmù kan ní hóró bíi 350 nínú. Mítà onígun mẹ́rin 10 kò lè gbà ju gíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún lọ, ká tiẹ̀ ní ìdajì kò hù.

Ọmọ_Ṣakí

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Túńdé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí omi kì í fà ńkọ́? Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá há lórí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àrùn ló ń kó.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́_Leeds

Ọmọ yìí gbọ́n o. Ọ̀rọ̀ yẹn kan Adékúnlé tààrà. Àrùn kan wà tó ń mú ewé quinoa níbí tí ojú ọjọ́ bá tutù tí òjò sì ń ṣẹ́ lemọ́lemọ́. Lójú òkè ewé, ẹ ó rí àbààwọ́n tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tó fẹ́ pupa díẹ̀. Ẹ yí ewé náà padà, ẹ ó rí ohun eléérú kan tó rí múlọ́múlọ́ lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ti mú ti ìsàlẹ̀, á máa gòkè, ewé á máa já. Ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè wọlé ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ lè fi 15 sáàárín wọn nínú ìlà dípò 10. Kí ẹ sì kọ ilẹ̀ náà sókè bí ebè gígùn, kí omi lè sàn sí poro. Quinoa ń fara da ọ̀dá dáadáa, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, pàápàá nígbà tó ṣì kéré. Tí omi bá dúró sí i nídìí, ẹ ó rí i tó dá gíga dúró, ewé rẹ̀ á pọ́n.

Yétúndé_Colorado

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí ó máa hù, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ ọjọ́ tó máa tanná. Ìyẹn sì ni èmi máa kọ́kọ́ wò.

Lágbègbè wa níhìn-ín, ní San Luis Valley, wọ́n ti ń gbin quinoa láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè. Ìdí tó fi ṣe é ṣe ni pé àfonífojì náà ga, ó lé ní 2,200 mítà sí òkun, nítorí náà ọ̀sán kì í gbóná jù, òru sì máa ń tutù. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tó gbóná ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ẹ gbin irúgbìn kan náà, á dàgbà, á rẹwà, ṣírí rẹ̀ á pupa bí osùn. Ẹ mú un sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Ìyàngbò nìkan. Kò sí hóró kankan nínú rẹ̀. Ooru tó bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 35 nígbà tó ń tanná ló máa ń ba ìyẹ̀fun òdòdó rẹ̀ jẹ́. Igi náà kò ní kú, kò tiẹ̀ ní rọ, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi tètè mọ̀. Àwọn olùwádìí ní ìpínlẹ̀ Washington náà ti rí irú rẹ̀ lápá ìlà-oòrùn wọn níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń gbóná.

Nítorí náà, ẹ ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ẹ béèrè pé ìgbà wo ni ooru ń le jù ládùúgbò yín. Lẹ́yìn náà, ìgbà wo ni òjò ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í dá mọ́. Ẹ fi títanná rẹ̀ síwájú ti àkọ́kọ́, ẹ fi gbígbẹ rẹ̀ síwájú ti ìkejì. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ yín ni ìgbà gbíngbìn.

Túńdé_Lincolnshire

Àǹtí Yétúndé, ẹ kú làákàyè. Ẹni tó bá rò pé kò kan wa ní Gẹ̀ẹ́sì, kó rántí ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022. Coningsby, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ni wọ́n ti wọn dígírì 40.3, tó ga jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí. Kì í ṣe gbogbo ọdún, ṣùgbọ́n òpin oṣù keje ni irú ooru bẹ́ẹ̀ ń wá. Titicaca tí a bá gbìn ní àárín oṣù kẹrin á ti máa tanná ní ìparí oṣù kẹfà. Tí ẹ bá fà á títí di ìparí oṣù karùn-ún, ẹ ti gbé òdòdó rẹ̀ lọ bá ooru nìyẹn, ìkórè á sì tún bọ́ sínú òjò oṣù kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ òjò ìkórè yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Hóró quinoa tó ti gbó kì í sùn. Tí òjò bá pa ṣírí tó ti gbẹ, tí kò sì tètè rí oòrùn, orí pòpórò níbẹ̀ ni yóò ti hù. Láàárín ọjọ́ kan ẹ lè rí okùn funfun tín-ín-rín tó yọ lára hóró. Tó bá ti débẹ̀, ó ti bàjẹ́ fún jíjẹ àti fún gbíngbìn. Mo ti rí oko tó dára gan-an tó lọ báyìí ní ọ̀sẹ̀ ìkórè.

Ẹ má dúró dìgbà tó bá gbẹ pátápátá nígbà náà. Tí ewé bá ti já tán, tí ẹ fi èékánná tẹ hóró tí kò wọlé mọ́, ẹ gé ṣírí rẹ̀, ẹ kó o wá sábẹ́ òrùlé, ẹ so ó kọ́. Ibẹ̀ ni kó ti parí gbígbẹ.

Olùwádìí_Irúgbìn

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un lórí irúgbìn fúnra rẹ̀, nítorí ìgbà gbíngbìn kan kì í bá gbogbo irú mu.

Orí òkè Andes ni quinoa ti wá, ní Bòlífíà, Pérù, Ecuador títí dé Ṣílè. Èyí tó ti apá òkè wá, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́ẹ̀ dọ́gba, máa ń fi gígùn ọjọ́ mọ ìgbà tó yẹ kó tanná. Gbé e lọ sí Kent, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oṣù kẹfà ti ń lé ní wákàtí 16, á kàn máa ga ṣáá. Àwọn kan á ga kọjá orí èèyàn, òtútù á dé bá wọn pẹ̀lú òdòdó lórí. Èyí tó ti etíkun Ṣílè wá, níbi tí ọjọ́ ti ń gùn tó sì ń kúrú, ni àwọn olùwádìí Yúróòpù fi ṣe ìyá ọ̀pọ̀ irú tí wọ́n ń gbìn níbí. Titicaca tí ẹ̀gbọ́n Adékúnlé rà, orúkọ adágún ilẹ̀ Pérù àti Bòlífíà ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n Dẹ́ńmáàkì ni wọ́n ti yàn án, ara irú Ṣílè àti ti Pérù ló ti jáde. Kò ní da yín láàmú. Atlas, Pasto àti Riobamba tí wọ́n ṣe ní Nẹ́dálándì náà bá ilẹ̀ yín mu, àwọn yẹn ò sì korò. Ẹ má kàn ra quinoa jíjẹ ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ fi gbìn. Wọ́n ti bó o tàbí kí wọ́n ti fọ̀ ọ́, ẹ ò sì mọ irú tó jẹ́.

Lórí àlàfo, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe ní gúúsù Bòlífíà, yíká ilẹ̀ iyọ̀ Uyuni. Ó lé ní 3,600 mítà sókè. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 250 mìlímítà, níbi tí Ìbàdàn ń rí ju 1,200 lọ. Lọ́dọ̀ wọn, oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá ni ìgbà gbíngbìn, torí pé ìhà gúúsù ayé ni wọ́n wà. Wọn kì í fi ṣe ìlà. Ihò ni wọ́n ń gbẹ́, mítà kan sí ìkejì, wọ́n á wa iyanrìn gbígbẹ ojú òkè kúrò títí wọ́n á fi kan ibi tó ní ọ̀rinrin, wọ́n á wá da ọ̀pọ̀ hóró sínú ihò kan ṣoṣo. Ẹ óò rò pé wọ́n ń fi irúgbìn ṣòfò. Rárá o. Atẹ́gùn ibẹ̀ máa ń fẹ́ iyanrìn kọlu ewé, ìrì dídì sì ń bọ́ lóru. Àwọn ọmọ tó wà nínú ihò kan á máa dáàbò bo ara wọn. Mítà kan tó wà láàárín ihò méjì, omi ni, gbòǹgbò wọn ń wá omi lọ síbẹ̀. Ẹ bá wá sí àyíká Puno ní Pérù, tí òjò ti pọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ ó rí i pé ìlà ni wọ́n ń gbìn ín sí, 40 sí 80 sẹ̀ǹtímítà.

Nítorí náà, ẹni tó sọ fún yín pé mítà kan kò parọ́, ẹni tó sọ pé sẹ̀ǹtímítà 12 kò parọ́. Òjò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́.

Bàbá_Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ti ń sọ ti òkè òkun, ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi kan fi irúgbìn yìí ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó, ó ní kí n gbìn ín pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀ bí a ṣe ń gbin àgbàdo. Mo ka ohun tí Túńdé sọ nípa òjò, ara mi sì fu. Ṣé ó lè ṣe nílẹ̀ wa?

Ràṣídà_Bobo

Bàbá, ẹ kú àmójútó. Bobo-Dioulasso ni mo ń gbé, ní Burkina Faso, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ti ṣe nítòsí wa, torí ibi tó súnmọ́ yín jù nìyẹn. Ní Farako-Bâ, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí ìlú yìí, wọ́n dán Titicaca wò. Kì í ṣe àsìkò òjò ni wọ́n gbìn ín o. Lẹ́yìn tí òjò ti lọ ni, nígbà ọyẹ́, wọ́n sì ń bu omi rin ín. Ó gbó láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìṣòro wọn ni pé tí ìgbà gbíngbìn bá ti falẹ̀, ooru oṣù kejì sí ìkẹta á wá bá òdòdó rẹ̀, ohun tí àǹtí Yétúndé sọ lókè yẹn gẹ́lẹ́.

Ẹ má fi òjò àkọ́rọ̀ gbìn ín, bàbá. Èyí tí ẹ bá gbìn ní oṣù kẹrin, oṣù keje ni yóò gbó, inú òjò ni yóò sì wà. Àgbàdo lè dúró nínú háhá rẹ̀, hóró quinoa kò ní nǹkan kan tó bò ó. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀dá inú oṣù kẹjọ, ọdún mìíràn kì í wá.

Tó bá jẹ́ èmi, ẹ̀yìn àrọ̀kúrò ni màá gbìn ín, láti ìparí oṣù kẹwàá sí àárín oṣù kọkànlá, lórí ilẹ̀ àkùrọ̀ etídò tí ẹ ti lè rí omi rin. Òdòdó rẹ̀ á bọ́ sí oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá ti mú tí òru sì tutù. Ẹ ó kórè rẹ̀ kí ooru oṣù kẹta tó dé.

Olùwádìí_Irúgbìn

Ràṣídà ti sọ ọ́ tán. Kí n kàn fi ti àlàfo kún un, bàbá. Ọjọ́ tiwa nílé kì í gùn, wákàtí 12 ni wọ́n máa ń wà yíká, ó dín díẹ̀ ní oṣù kejìlá. Nítorí náà á tètè tanná nígbà tí kò tíì ga. Ẹ̀ka rẹ̀ ò ní pọ̀. Àyè ńlá ò ní wúlò fún un, ńṣe ni oòrùn á máa gbẹ ilẹ̀ náà lásán. Ẹ fi 30 sáàárín ìlà, 8 sí 10 nínú ìlà. Ẹ gbìn ín ní àṣálẹ́, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú ilẹ̀ títí á fi yọ, torí ilẹ̀ tó gbóná gan-an kì í jẹ́ kó hù dáadáa. Ẹ ká koríko náà kúrò ní gbàrà tí ẹ bá rí orí rẹ̀.

Bàbá_Ìsẹ́yìn

Olúwa á bù kún ìmọ̀ yín. Ebè kéékèèké méjì létí odò ni màá fi dán an wò lọ́dún yìí. Mi ò ní ro àgbàdo mi kúrò nílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Adékúnlé_Kent

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mi ò retí pé ọ̀rọ̀ á pọ̀ tó báyìí. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Èyí tí a bá fà tu láti fún àwọn yòókù láyè, ṣé mo lè lọ́ wọn síbòmíràn? Ṣé ó ṣe é jẹ? Àti pé àwọn àdàbà ńlá tó wà ní pulọ́ọ̀tì yìí kì í ṣeré, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni wọn ò tíì jẹ níbẹ̀, torí kò sí i.

ÌyáẸlẹ́fọ̀ọ́_Leeds

Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ lè lọ́ ọ tó bá ṣì kéré gan-an, ní ewé méjì sí mẹ́rin, ní àṣálẹ́, pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀. Tó bá ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gùn, á kàn máa jìyà ni. Ibi tí irúgbìn ò bá ti hù nínú ìlà nìkan ni èmi ń lọ́ ọ sí.

Jíjẹ ńkọ́? Ọbẹ̀ ni o! Ọmọ ìyá tẹ̀tẹ̀ ni. Ẹ já ewé náà, ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, ẹ fún omi rẹ̀ dànù kí ìkorò lè lọ, ẹ wá dà á sínú ata díndín pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. Ẹni tí ẹ kò bá sọ fún kò ní mọ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe máa ń gbìn ín kó nípọn ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ti àdàbà, àwọ̀n ni. Ẹ nà án sórí rẹ̀ títí á fi ga tó orúnkún. Lẹ́yìn ìyẹn, hóró Titicaca korò tó láti lé ọ̀pọ̀ ẹyẹ. Àwọn Pasto tí kò korò yẹn, ẹ ó pín in pẹ̀lú wọn.

Yétúndé_Colorado

Níwọ̀n bí Titicaca ti ní ìkorò lára, ẹ ó fọ̀ ọ́ dáadáa kí ìyàwó tó sè é. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti mọ́: ẹ bu ṣíbí kékeré kan sínú ìgò pẹ̀lú omi, ẹ dé e, ẹ mì í fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Tó bá ń hó bí ọṣẹ tí ìfófòó náà kò sì lọ, ẹ tún un fọ̀. Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú o, ó máa ń hù kíákíá.

Ẹni tó bá wà ní Amẹ́ríkà tó ń ka èyí, tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ tu gbogbo ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ ti igbó kúrò kí wọ́n tó tanná. Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa máa ń gùn ún, ẹ ó sì rí hóró dúdú nínú èyí tí ẹ bá gbìn lẹ́yìn náà.

Adékúnlé_Kent

Ó yé mi wàyí. Mo ń ronú pé kí n gbin ìlà mẹ́rin ní àárín oṣù kẹrin, kí n sì gbin méjì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ká lè rí ìyàtọ̀. Nínú mẹ́rin yẹn, kí n fi 10 sáàárín nínú méjì, 20 nínú méjì. Ṣé kò pọ̀ jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Túńdé_Lincolnshire

Kò pọ̀ jù rárá, àní èyí tí a fẹ́ kà níbí nìyẹn. Ẹ kàn má jẹ́ kí àwọn ìlà tó jọra wà pa pọ̀ ní igun kan. Ẹ pààrọ̀ wọn, ẹ fi ti 10 tẹ̀ lé ti 20, torí igun tí omi ti ń dúró lè jẹ́ kí ẹ máa fi ẹ̀sùn kan àlàfo lórí ohun tí amọ̀ ṣe. Ẹ fi igi kéékèèké sàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn ín, ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí òdòdó, àti ọjọ́ tí ẹ gé e. Ẹ wọn ti ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa á tí ẹ sì ti fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ kúrò. Tó bá di oṣù kẹwàá, ẹ gbé òǹkà náà wá síbí.